Ọmọ Ìlú Wa Ló Ń Tún Ilé Ṣe

Ẹsẹ̀ ni Saeed kọ́kọ́ rí. Òun àti àwọn lébìrà mẹ́ta tó ń bá ṣiṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré tí wọ́n ń tún ṣe ní Dutse Alhaji ní Àbújá ni, láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́; wọ́n bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti kíṣìnì ti wó lulẹ̀, òkìtì búlọ́ọ̀kù ga dé orúnkún, ẹsẹ̀ méjì sì yọ lábẹ́ òkìtì náà pẹ̀lú bàtà dúdú. "Wayyo Allah!" ni Saeed kígbe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lásán kó búlọ́ọ̀kù kúrò. Nígbà tí yóò fi kan orí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́. Àlàájà Rísíkàt ni, ìyá onílé.

Kí Inspẹ́kítọ̀ Ọláfimíhàn tó dé, ilé ti kún. Ọkùnrin gígùn ni Ọláfimíhàn, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì máa ń rí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá. Kò fẹ́ràn ilé tí wọ́n bá ń tún ṣe rárá. Ilé tí a wó ìdajì rẹ̀ tí a kò tíì mọ padà kì í ṣe ilé, kì í sì í ṣe ahoro; èèyàn kò mọ ibi tó yẹ kó fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀.

Lórí àpò sìmẹ́ńtì ló ti bá Shakirah, ọmọ olóògbé. Báńkì kan ní Garki ni Shakirah ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì gba yàrá sí títí iṣẹ́ ilé yóò fi parí. Ìyá rẹ̀ ló kọ̀ tí kò kúrò, tó ń sùn ní yàrá ẹ̀yìnkùlé kó lè máa ṣọ́ àwọn oníṣẹ́. Ọmọ náà kò sunkún.

Alhaji Babalọlá, alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn, bọ́ síwájú. "Inspẹ́kítọ̀, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni wá. Bí a bá ti kírun Alásárì tán lónìí, a fẹ́ sin Àlàájà. Ọlọ́jọ́ ló dé. Kí Shakirah ṣáà ti gbà pé ìjàǹbá ni, ká gbé òkú kúrò nílẹ̀."

Shakirah gbójú sókè. "Sà, èmi ni mo gbé iṣẹ́ fún Ínjíníà Gafar. Ṣé èmi ni mo pa Màmá mi? Bí wọ́n bá ti sìn wọ́n tán, mi ò ní mọ̀ láéláé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọláfimíhàn lára, nítorí òótọ́ ni. Ilẹ̀ máa ń tètè bo ọ̀ràn tí gbogbo ilé bá ti fẹnu kò lé lórí. "Ẹ fún mi títí di Alásárì," ni ó wí.

Gafar, agbaṣẹ́ṣe tó ń tún ilé náà ṣe, wà lẹ́bàá géètì. Ẹkún tirẹ̀ ga ju ti ọmọ olókùú lọ.

"Ìgbà wo lẹ rí Màmá kẹ́yìn?" ni Ọláfimíhàn bi í.

"Láàárọ̀ àná ni, sà. Wọ́n ń gbá ẹ̀yìnkùlé. Lọ́sàn-án, a ṣíwọ́, mo lọ ra páákó ní Bwari, n kò padà síbí mọ́. Mo ti kìlọ̀ fún Màmá tó pé kí wọ́n má wọ ibi iṣẹ́. Ó dájú pé ní ìdájí òní ni wọ́n wọ ibẹ̀."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn?"

"Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, sà, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Àfi bí mo bá gbàgbé láti tì í."

"Àwọn igi tí wọ́n fi ti ògiri yẹn kó má baà wó ńkọ́? Ta ló yọ wọ́n?"

Gafar rẹ ohùn sílẹ̀, ó fi ẹnu tọ́ka sí Saeed. "Àwọn wọ̀nyẹn ni, sà. Wọ́n á yọ igi, wọ́n á lọ fi dáná. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló kó sọ́wọ́."

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ti di Saeed lọ́rùn aṣọ mú. Ọláfimíhàn já a gbà lọ́wọ́ wọn, ó ní kó lọ jókòó sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n má baà lù ú pa. Lẹ́yìn náà ló padà sínú ilé ní òun nìkan.

Inú ilé náà tutù, ó sì dákẹ́ jù. Àwọn igi tí Gafar ní wọ́n kó lọ fi dáná wà níbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí a tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kejì, tí eruku ògiri tó wó sì ti bò wọ́n lójú. Ara òkú ti gan gbagidi; kì í ṣe ara ẹni tó kú ní ìdájí nìyẹn. Léèsì àti ìborùn ló wà lọ́rùn ìyá àgbà, aṣọ ìjáde. Ọláfimíhàn bẹ̀rẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ bàtà dúdú náà. Ilẹ̀ Dutse pupa, gbogbo bàtà tó wà nínú ọgbà ló pupa, ṣùgbọ́n eruku funfun lẹ́búlẹ́bú ló há sí ojú rírán bàtà yìí. Eruku òkúta ni.

Ó rìn dé ìdí òpó tó wà nígun pálọ̀, èyí tó gbé òkè dúró. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lára. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò náà rì sínú rẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rù ba Ọláfimíhàn, ó sì rọra fẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀. Nígbà tó dé yàrá ẹ̀yìnkùlé, ó rí bútà àlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà, ẹní ìkírun sì wà ní títẹ́ nílẹ̀, tẹ̀sùbáà lórí rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n pe oníǹkan lójijì.

Ọmọbìnrin kan láti ilé kejì ń wo ọ̀kánkán láti orí fẹ́ǹsì. Oyíndà ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe nínú ilé tirẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú o, Yorùbá mi ò fi bẹ́ẹ̀ dára, Àbújá níbí ni wọ́n bí mi sí."

"Kò burú, ọmọ mi. Ǹjẹ́ o gbọ́ ohunkóhun lánàá?"

"Mo gbọ́ Màmá nígbà tí wọ́n dé. It was almost dark. Wọ́n kí àwọn tó wà nínú ilé, wọ́n wọlé. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ohùn Màmá wá ń le. Then wọ́n pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí, everywhere quiet. After that, nǹkan kan wó, gbìì! Mo rò pé iṣẹ́ ni, sà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wó nǹkan níbẹ̀." Omi ti ń lé sí i lójú.

"Kí ni Màmá fi kí wọn? Sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́."

"Wọ́n ní, 'Ẹ kú iṣẹ́ o.' Ṣé kì í ṣe ìkíni ìrọ̀lẹ́ nìyẹn?"

"Báwo ni Màmá ṣe máa ń kí àwọn lébìrà?"

"Hausa ni. 'Sànnu da aiki.' Màmá gbọ́ Hausa ju èmi lọ."

Ọláfimíhàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, Gafar ló rí lẹ́bàá géètì, tó ń wo òun àti Oyíndà. Ẹkún ti dá lójú agbaṣẹ́ṣe náà.

Ó padà sọ́dọ̀ Shakirah. "Ta lẹ ní ní Mpape, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta?"

"A ò ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀, sà." Ó ronú díẹ̀, ó wá mú fóònù rẹ̀ jáde. "Àfi ilé yìí. Ínjíníà ló fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ó ní òun lòún kọ́ ọ."

"Ṣé ẹ lọ wò ó kí ẹ tó gbé iṣẹ́ fún un?"

Shakirah tẹrí ba. "Màmá ní ká lọ. Wọ́n ní ká bi onílé bóyá iṣẹ́ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo ní kí wọ́n má dójú tì mí. Ọmọ ìlú wa ni, Alhaji fúnra wọn ló mú un wá. Báwo la ṣe máa wá máa wádìí ọmọ ìlú wa bíi pé olè ni?"

Inú bí Ọláfimíhàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ọmọ náà. Ó mọ àìsàn yìí dáadáa. Bí àjèjì bá wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, a ó bi í léèrè títí òógùn yóò fi bò ó: níbo lo ti ṣiṣẹ́ rí, ta ló mọ̀ ọ́, jẹ́ ká fojú rí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìlú ẹni bá dé, agbo ilé rẹ̀ nìkan la óò bi í. Bó bá ti dárúkọ rẹ̀, a ó na kọ́kọ́rọ́ ilé sí i. Ó gba fóònù náà, ó bọ́ sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá kejì, ó ní kí dírẹ́bà forí lé Mpape.

Ní Mpape, àwọn ọkọ̀ tó ń kó òkúta ń kọjá, eruku funfun sì bo ewé, òrùlé àti orí èèyàn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ilé inú fọ́tò náà. Tony ni onílé ń jẹ́. Nígbà tó gbọ́ orúkọ Gafar, ó pòṣé.

"Gafar? Oga, that man no build anything for here. Na only kitchen wall I give am make e comot. E comot am, everything fall for my wife leg." Ó nawọ́ sí obìnrin kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, igi ìtilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Na wetin I tell Mama yesterday be that."

"Màmá wo?"

"One Yoruba mama, for evening. She greet my wife well well. She say she go ask am with her own mouth." Tony wo ojú ọlọ́pàá náà. "Oga, wetin happen to Mama?"

Ọláfimíhàn sọ fún un. Ìyàwó Tony fi ìborùn bo ojú.

Oòrùn ti ń yẹ̀ nígbà tí inspẹ́kítọ̀ padà sí Dutse Alhaji. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti jókòó sí ìta, wọ́n ti mú aṣọ funfun ìsìnkú dé. Ó ní kí gbogbo wọn dúró síbi tí wọ́n wà, kí Gafar nìkan tẹ̀lé òun wọ pálọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, gbogbo ará ìta ń wò wọ́n.

"Ínjíníà, ó ti rẹ̀ yín látàárọ̀. Ẹ fẹ̀yìn ti òpó yẹn, ká jọ sọ̀rọ̀."

Gafar kò mira. "Ó tẹ́ mi lọ́rùn níbi tí mo wà, sà."

"Òpó tí ẹ fi ọwọ́ ara yín rẹ́? Ẹ kàn fi èjìká kàn án."

Dípò kí Gafar sún mọ́ òpó, ẹ̀yìn ló ń rìn. Òógùn bò ó.

"Ẹ̀rù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ń bà ọ́," ni Ọláfimíhàn wí, ó sì gbé ohùn sókè kí ará ìta lè gbọ́. "Nígbà tí ò ń fọ́ ògiri, o la òpó tó gbé òkè dúró, nítorí o kò mọ iṣẹ́ tí o gbà. Lánàá, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn lọ tán, o yọ́ padà wá láti fi sìmẹ́ńtì bo ẹ̀là náà kí Shakirah má baà rí i. Sìmẹ́ńtì yẹn kò tíì gbẹ. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni Àlàájà bá ọ."

"Irọ́ ni! Mo ti sọ pé n kò padà síbí. Ẹ lọ bi Saeed!"

"Àlàájà ló dá Saeed láre. Hausa ni wọ́n fi ń kí Saeed àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Nírọ̀lẹ́ àná, 'Ẹ kú iṣẹ́' ni wọ́n wí. Èèyàn kì í kí ilé òfìfo kú iṣẹ́. Yorùbá kan ṣoṣo ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí, òun náà ló mú kọ́kọ́rọ́ dání."

Ọláfimíhàn sún mọ́ ọn.

"Àlàájà ti Mpape dé ni. Wọ́n ti rí ẹsẹ̀ ìyàwó Tony. Wọ́n bi ọ́ léèrè, ohùn wọn sì ń le. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, wọ́n lọ kírun lẹ́yìnkùlé. Bí wọ́n ṣe forí kanlẹ̀ níwájú Ọlọ́run, ni ìwọ ń yọ igi tó ti ògiri, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí o ń tò wọ́n kí ariwo má baà sọ. Lẹ́yìn náà lo pè wọ́n. Wọn ò tiẹ̀ tíì ká ẹní ìkírun. O ní kí wọ́n wá wo kí ni?"

Gafar jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo ní kí wọ́n wá wo bí mo ṣe ti tún un ṣe, mo bá ti ògiri lù wọ́n," ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Mo ti dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní mo máa ṣàlàyé lójú gbogbo ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé. Alhaji, ojú tì mí ni. Ojú ló tì mí."

Ọlọ́pàá kan fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún Saeed, ó jáde, ó gba ẹ̀bá àwọn ọ̀dọ́ náà kọjá lọ. Ọláfimíhàn sọ fún àwọn àgbà pé dókítà yóò kọ́kọ́ rí òkú ná, kí wọ́n tó sin ín. Ó wá dojú kọ Shakirah. "O fẹ́ mọ̀. Kì í ṣe ìwọ lo pa wọ́n. Ìbéèrè tí gbogbo wa ń tijú láti béèrè ni wọ́n lọ béèrè fún ọ."

Ìgbà náà ni ẹkún Shakirah tó dé. Ó sun ún débi tó fẹ́, kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Nígbà tó nu ojú tán, ó rìn lọ bá Gafar lẹ́nu ọ̀nà, lójú gbogbo àgbà ìlú rẹ̀.

"Ilé ta ni ẹ tún ti wó ògiri?"

Gafar wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀.

"Mo bi yín léèrè. Ilé ta ni?"

Ojú Gafar yọ́ lọ sọ́dọ̀ alága ẹgbẹ́, ó sì tètè wo ilẹ̀. Alhaji Babalọlá dìde, ó tún jókòó. Ó ń wá fóònù nínú agbádá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò bá àpò. Nígbà tó rí i, tó pe ilé ara rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e, ohùn rẹ̀ kò jọ ti àgbàlagbà mọ́.

"Kó àwọn ọmọ jáde," ni ó ń wí. "Má bi mí nǹkan kan. Má mú bàtà. Kó wọn jáde nínú pálọ̀ yẹn báyìí!"