Wáyà Tí Mùktárù Fọwọ́ Ara Rẹ̀ So

Láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n fẹ́ so yìgì Jemilat, ọmọ rẹ̀, inú Mùktárù dùn ju ti ìyàwó ojú ọ̀nà lọ. Káfíńtà ni ní Mushin, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ nílé tí kì í tọwọ́ bọ̀. Nígbà tí fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí rédíétọ̀ mọ́tò rẹ̀ dákẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, òun náà ló fa wáyà tín-ín-rín láti orí bátìrì lọ síbẹ̀ tààrà, tó so súwíìṣì kékeré kan mọ́ ọn, tó sì fi ọ̀rá wé e.

"Bàbá Jemilat, ẹ ò ṣe pe rìwáyà tó ń ṣe iná mọ́tò?" Ìdíátù ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Kí ló fẹ́ ṣe tí mi ò ṣe? Fáànù ń yí, àbí kò yí?"

Fáànù ń yí lóòótọ́.

Ni wọ́n bá gbéra lọ sí mọ́ṣáláṣí ní Surulere. Ìdíátù wà níwájú, Jemilat àti Ìyá Àgbà, ìyá Mùktárù, wà lẹ́yìn, ẹ̀rín ń sọ. Wọn kò tíì dé Ojúẹlẹ́gbà tí Ìyá Àgbà fi ní, "Kí ló ń rùn bíi rọ́bà tó ń jóná yìí?"

"Mọ́tò tó wà níwájú wa ni, Màámi," ni Mùktárù fèsì.

Kò tíì pa ẹnu dé tí èéfín dúdú fi yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ìdíátù àti Jemilat bẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n eékún Ìyá Àgbà kò gbà fún un. Mùktárù sáré gbé ìyá rẹ̀ jáde bí ọmọ ọwọ́.

"Rọra o," ni Ìyá Àgbà wí, "èmi kọ́ ni ìyàwó!"

Ẹnìkan ti gbé báàfù omi dé. "Ẹ má da omi sí i, iná bátìrì ni!" Obìnrin kan tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kún fún ọ́ìlì ló sáré jáde láti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì. Ethel lorúkọ rẹ̀, rìwáyà ni. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì díẹ̀, ó da yẹ̀pẹ̀ gba ibẹ̀ títí iná fi kú, ó wá fi sípánà tú orí bátìrì.

"Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?"

Mùktárù wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. "Èmi ni."

"Bàbá, fáànù mọ́tò kì í ṣe gílóòbù. Iná tó ń fà pọ̀, pàápàá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa yí. Wáyà rédíò lẹ fi gbé e. Ó gbóná títí rọ́bà ara rẹ̀ fi yọ́, bàbà inú rẹ̀ wá kan irin. Fíúsì ò sì sí ńbẹ̀ tí ì bá já kí iná tó ràn."

"Báwo ló ṣe yẹ kó rí?"

"Wáyà tó nípọn, fíúsì nítòsí bátìrì, kó má ju ohun tí wáyà lè gbé lọ. Ẹ ó fi rìléè sí i: súwíìṣì á kàn máa pè é ni, rìléè ni yóò gbé iná ńlá fún fáànù. Tí fíúsì bá sì já, ẹ má fi wáyà rọ́pò rẹ̀ o. Ó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni. Ẹ wá ohun tó já a."

Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan gbé Ìyá Àgbà lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni Jemilat fi rìn dé mọ́ṣáláṣí. Àwọn obìnrin àdúgbò jáde, wọ́n ń ṣàdúrà fún un lọ́nà, ọmọdé ń tẹ̀ lé e, nígbà tó sì fi débẹ̀, èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ti ju ti ọkọ lọ. Wọ́n so yìgì, ẹ̀rín kún ilé. Mùktárù rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, àmọ́ gbogbo ìgbà ló ń padà wo ibi tí Ìyá Àgbà jókòó sí. Oṣù kan gbáko ni mọ́tò fi wà lọ́dọ̀ Ethel, nítorí gbogbo wáyà iwájú ló jóná. Mùktárù ń fẹsẹ̀ rìn, kò sì ráhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò, bí fáànù bá ń yí, ìyẹn nìkan kò fi hàn pé iṣẹ́ náà dára. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín lónìí. Bí ẹ bá rí wáyà àfikún tí kò ní fíúsì, ẹ gbé mọ́tò náà lọ fún rìwáyà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò mọ ohun tí ẹ so síwájú. Ọwọ́ yín ló fi ẹ̀mí rẹ̀ sí.