Bíńtín Kò Fẹ́ Di Ewé

Bíńtín jí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ó la ojú kan, ó la ojú kejì, ó sì sáré lọ wo àbúrò rẹ̀.

Bíńtín ni gbogbo ilé ń pè é, torí pé ó kéré. Àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Rọ̀bọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹ ò rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà! Ẹ ò rí itan!

Bàbá máa ń gbé Rọ̀bọ̀tọ̀ bó bá ti ibi tó ti ń ṣe búrẹ́dì dé. Màmá máa ń gbé Rọ̀bọ̀tọ̀ bó bá dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wọn náà máa ń gbé e. Àmọ̀tán ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Kò sí ohun tí ẹ bi í tó máa ní òun ò mọ̀.

Bíńtín nìkan ni kì í gbé Rọ̀bọ̀tọ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbé e."

"Apá rẹ ò tíì ká a, ìyá mi. Jókòó tì í, kí ẹ jọ máa ṣeré."

Bíńtín ò fẹ́ jókòó tì í. Gbígbé ló fẹ́ gbé e.

Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá Rọ̀bọ̀tọ̀. Ó fà á. Hìn-ìn! Rọ̀bọ̀tọ̀ ò mì.

Ó tún fà á. Hìììn-ìn! Rọ̀bọ̀tọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni.

Kì í ṣe eré. Ó dun Bíńtín gan-an ni.

Ó lọ bá Àmọ̀tán níwájú ilé. Àmọ̀tán ń tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo lè jẹ tí màá fi lágbára?"

"Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni," ni Àmọ̀tán wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Jẹ ẹ́ dáadáa lónìí. Tí ilẹ̀ ọ̀la bá fi máa mọ́, wàá gbé mọ́tò."

"Mi ò fẹ́ gbé mọ́tò. Rọ̀bọ̀tọ̀ ni mo fẹ́ gbé."

"Ìyẹn ò wá tó nǹkan!"

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sì wà nínú ìkòkò lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Tẹ́lẹ̀, ṣíbí kan ni Bíńtín máa ń jẹ níbẹ̀, á ní òun ti yó.

Lónìí ńkọ́? Wọ̀mù-wọ̀mù! Ó jẹ tirẹ̀ tán. Wọ̀mù-wọ̀mù! Ó bá Àmọ̀tán jẹ tirẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó tún bu òmíràn. Wọ̀mù-wọ̀mù-wọ̀mù!

"Kí ló dé sí ọmọ yìí?" ni Bàbá bi Màmá.

"Ẹ jẹ́ ó jẹun, jàre," ni Màmá wí.

Bíńtín fi ahọ́n kan eyín rẹ̀. Eyín náà kò dán mọ́. Ó ń ha ahọ́n rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn jẹ iyanrìn.

"Agbára ló ń bọ̀ yẹn," ni Bíńtín sọ fún ara rẹ̀. Ó lọ sùn.

Ilẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Sọ́ńdè dé. Inú Bíńtín ń ṣe kùrù-kùrù. Ó sáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Pọ́tọ́!

Bíńtín dìde, ó bojú wò ó. Yéè! Ìgbẹ́ rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé!

Ó yára fa omi. Ṣààà! Kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti rí i.

 Ó tún lọ bá Àmọ̀tán níwájú ilé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí inú èèyàn bá di àwọ̀ ewé ńkọ́?"

"Á di ewé nìyẹn," ni Àmọ̀tán wí. "Ẹsẹ̀ á ta gbòǹgbò. Ewé á hù lórí. Wọ́n á lọ gbìn ín sẹ́yìn ilé."

Àmọ̀tán ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ̀yin mọ̀. Èmi náà mọ̀. Bíńtín ni kò mọ̀.

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò tíì sí gbòǹgbò. Ó fọwọ́ pa orí rẹ̀. Kò tíì sí ewé. Ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Bíńtín mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kò mu omi. Bí wọ́n bá bomi rin ewé, ṣe ló máa ń dàgbà.

Oòrùn yọ lójú fèrèsé. Bíńtín sá fún un. Ewé fẹ́ràn oòrùn.

Ó gbé bàtà pupa rẹ̀, ó lọ fi í sẹ́bàá ibùsùn Àmọ̀tán. Bàtà náà ò lè wọ Àmọ̀tán lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ewé fẹ́ fi bàtà ṣe?

Ó gbé ọmọláńgidi rẹ̀, ó fi í sórí ẹní Rọ̀bọ̀tọ̀. Ó dun Bíńtín, síbẹ̀ ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Rọ̀bọ̀tọ̀ na ọwọ́ méjèèjì sí i. Bíńtín fi ọwọ́ tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.

"Má fọwọ́ kàn mí o, Rọ̀bọ̀tọ̀. Màá kó o ràn ẹ́."

Wàà! Rọ̀bọ̀tọ̀ bú sẹ́kún. Bíńtín náà gbé ẹkún tirẹ̀ mì.

Ó rọra wọ abẹ́ tábìlì tí Màmá fi ń gé aṣọ. Lókè, ẹ̀rọ ìránṣọ ń ké. Tàkà-tàkà-tàkà. Nísàlẹ̀, omijé Bíńtín ń bọ́. Tó. Tó. Tó.

"Ta ló wà lábẹ́ tábìlì mi?" ni Màmá bi í.

"Èmi ni."

"Kí ló ṣe ẹ́, ìyá mi?"

"Kò sí."

Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ kan wà níwájú Màmá, Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ gbà á. Báwo ni Bíńtín ṣe fẹ́ sọ fún un? Bí Màmá bá gbọ́, á sunkún. Kí ni ẹkún Màmá sì fẹ́ ṣe sí i? Ta ló rí ewé tó padà di ọmọ rí?

Wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀. Bíńtín ò jẹ ẹ́. Bàbá ní kó wá bá òun ṣeré kí òun tó lọ síbi iṣẹ́. Bíńtín ò lọ.

"Kí ló ṣe ẹ́?" ni Bàbá bi í.

"Kò sí."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bíńtín dákẹ́. Ó jókòó sínú òkùnkùn abẹ́ tábìlì, ó ń retí gbòǹgbò. Kò sí ọmọ tó dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ló bá gbọ́ ohùn Màmá. "Bíńtín, bá mi wo àbúrò rẹ nínú yàrá. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ló kù fún mi."

Bíńtín lọ. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, kó má baà sún mọ́ ọmọ.

Òórùn kan fẹ́ wá. Ùn-ùn! Kí nìyẹn?

Bíńtín di imú. Ó rọra fi ìka kan fa etí ìlédìí Rọ̀bọ̀tọ̀. Ó yọjú wò ó.

Yéè! Àwọ̀ ewé!

"Mo ti kó o ràn án," ni Bíńtín wí. "Mo ti ba àbúrò mi jẹ́." 

Kí òun di ewé, ó burú. Kí Rọ̀bọ̀tọ̀ di ewé ńkọ́? Rọ̀bọ̀tọ̀ tí kò tíì lè rìn? Kí wọ́n gbìn ín sẹ́yìn ilé, kí òjò máa pa á?

Ó tì o! Èyí ò ṣe é dákẹ́ sí.

"Màmá!"

Tàkà-tàkà-tàkà. Màmá ò gbọ́.

"Màmá o!"

Tàkà-tàkà-tàkà-tàkà. Màmá ò gbọ́.

Bíńtín ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá Rọ̀bọ̀tọ̀. Ó dì mọ́ ọn pinpin. Hìn-ìn! Ó dìde.

Gbì, gbì, gbì! Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ Rọ̀bọ̀tọ̀ ń gbá a lórúnkún. Gbì, gbì, gbì! Ó dé iwájú Màmá.

"Màmá, ẹ gbà wá o! A ti ń di ewé!"

Ẹ̀rọ dákẹ́. Kẹ́.

Bíńtín jókòó sílẹ̀, Rọ̀bọ̀tọ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ló bá bú sẹ́kún. Ó sọ ti ẹ̀fọ́. Ó sọ ti eyín. Ó sọ ti ìgbẹ́, ó sọ ti gbòǹgbò. Kò fi ọ̀kan pamọ́.

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Màmá, ó fi eyín dì í mú. Ó kúnlẹ̀ ti àwọn ọmọ rẹ̀.

"Gbogbo èyí lo ti ń dá gbé láti àárọ̀? Pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Pẹ̀lẹ́."

"Ṣé màá di ewé?"

"Ẹni tó ń jẹ ẹyin, ṣé ó ti di adìyẹ? Bàbá yín ń jẹ búrẹ́dì láràárọ̀. Ṣé ó ti di búrẹ́dì?"

Bíńtín rò ó. "Rárá. Ṣùgbọ́n ó ń ta sánsán bíi búrẹ́dì."

Màmá ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àwọ̀ ẹ̀fọ́ lásán lo rí. O jẹ ẹ́ púpọ̀, ó pa ìgbẹ́ rẹ láró. Kò pẹ́ tí á fi lọ."

"Rọ̀bọ̀tọ̀ ńkọ́?"

"Mo po ẹ̀fọ́ díẹ̀ mọ́ oúnjẹ rẹ̀ lánàá. Òun náà jẹ ẹ́ wọ̀mù-wọ̀mù."

"Eyín mi tó ń ha ńkọ́?"

"Bó ṣe máa ń ṣe eyín nìyẹn. Tèmi náà ha. Mo fi omi ṣan ẹnu, ó tán."

Bíńtín fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹ̀fọ́ ò dáa nìyẹn."

"Ó dáa o! Ó ń ran ẹ̀jẹ̀ ara lọ́wọ́. Ó dáa fún ojú. Kì í jẹ́ kí ìgbẹ́ le. Bí o bá jẹ ọsàn lé e, ó tún dáa sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kì í ṣe idán. Kò lè sọ ẹnikẹ́ni di alágbára láàárín àná sí òní. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, òun àti ẹ̀wà, òun àti ẹyin, òun àti oorun. Abọ́ kékeré tó. Kì í ṣe ìkòkò."

Àmọ̀tán ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Epo kẹ̀kẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì í.

"Mò ń ṣeré ni, Màmá. Mi ò mọ̀ pé ó gbà á gbọ́. Bíńtín, má bínú."

"Àmọ̀tán ò sí láyé, ọkọ mi," ni Màmá wí. "Nígbà mìíràn, ní o ò mọ̀. Kò ní pa ẹ́ lára."

Ó wá fọwọ́ kan orí Bíńtín. "Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ìwọ náà ò ní tẹ́."

Bíńtín ní àmín. Ó mí kanlẹ̀. Háà!

Màmá dìde. Ó wo ọ̀nà yàrá. Ó wo Rọ̀bọ̀tọ̀. Ó wo Bíńtín.

"Dúró ná. Ta ló gbé ọmọ yìí wá síbí?"

Bíńtín wo apá rẹ̀ ọ̀tún. Ó wo apá rẹ̀ òsì.

"Èmi ni."

"Láti inú yàrá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Màmá, ṣé ẹ̀fọ́ àná ni?"

"Ẹ̀fọ́ àná kọ́. Gbogbo ohun tí o ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí ni. O ti ń dàgbà, èmi ni mi ò tètè rí i."

Bíńtín na Rọ̀bọ̀tọ̀ sí Màmá. Màmá ò gbà á.

"Ìlédìí rẹ̀ ti kún. Gbé e lọ sínú yàrá, ká lọ pààrọ̀ rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn rẹ."

Bíńtín ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá Rọ̀bọ̀tọ̀. Ó dì mọ́ ọn pinpin.

Hìn-ìn!

Ó gbé e.