Aago Èéfín Ilé Alàájì

"Kifayah, ẹyẹ wo ló ń ké nínú pálọ̀?"

"Kì í ṣe ẹyẹ, Ìyá Àgbà. Aago èéfín ni. Bátìrì rẹ̀ ló ń kú lọ."

Ìyá Àgbà gbójú sókè wo ohun funfun roboto tó wà lára àjà, wọ́n mí kanlẹ̀. "Bí Alàájì bá wà láyé ni, wọn ò ní jẹ́ kó ké lẹ́ẹ̀kejì."

Òótọ́ ni. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló fi aago náà, tó máa ń ké bí èéfín bá kàn án, ránṣẹ́ sí wọn nílùú Akanran. Nígbà ayé Alàájì Bàṣírù, bàbá àgbà Kifayah, oṣù kan kì í kọjá kí wọ́n má dán an wò. Bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù dé, wọn a fi igi gígùn tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Háà, igbe! Gbogbo ọmọ ilé á tú jáde lọ sábẹ́ igi ọsàn, ewúrẹ́ pàápàá á bá wọn sá. Alàájì á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. "Iná kì í ránṣẹ́ kó tó dé," wọn a wí, "aago yìí ló ń bá wa sọ ọ́." Wọn a wá já ọsàn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọmọ ti fọ́n ká báyìí. Kifayah nìkan ló kù pẹ̀lú Ìyá Àgbà, kò sì sẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì náà mọ́ látìgbà tí Alàájì ti kú.

Kifayah ní òun yóò ra bátìrì, ṣùgbọ́n ọ̀la ò tán lọ́rọ̀ rẹ̀. Ìdánwò àṣejáde sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, igbe yẹn kò jẹ́ kó kàwé. Ló bá gun àga, ó yọ bátìrì náà sọnù. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ṣé o ti pààrọ̀ rẹ̀?" Ìyá Àgbà bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí Ọlọ́hun ràn ọ́ lọ́wọ́ nínú ìdánwò rẹ." Àdúrà náà gún un lọ́kàn bí ẹ̀gún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Ìyá Àgbà kírun tán, wọ́n sùn sí yàrá. Kifayah ń kàwé lẹ́yìnkùlé. Iná mànàmáná dé tagbáratagbára, wáyà ta pàrà lẹ́yìn àga pálọ̀, tìmùtìmù gbiná. Aago wà lókè, kò lè fọhùn. Nígbà tí òórùn yóò fi kan Kifayah nímú, èéfín ti ń rọ́ jáde lójú fèrèsé.

"Ẹ gbà mí o! Ìyá Àgbà wà nínú ilé!"

Ọ̀gbẹ́ni Olúwadọ̀tun, tíṣà tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwọn, fọ́ fèrèsé yàrá wọlé, ó gbé Ìyá Àgbà jáde. Ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí wọn. Àwọn ará àdúgbò da omi àti yẹ̀pẹ̀ títí iná fi kú, ṣùgbọ́n pálọ̀ ti jóná, tòun ti fọ́tò kan ṣoṣo tí Alàájì yà.

Ní ọsibítù, Kifayah kúnlẹ̀, ẹkún gbà á lẹ́nu. "Ìyá Àgbà, irọ́ ni mo pa. Mo kàn yọ bátìrì yẹn ni, mi ò fi òmíràn síbẹ̀."

Ìyá Àgbà ò bá a wí. Wọ́n dì í lọ́wọ́ mú. "A dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bá a lọ. Àmọ́ fọ́tò yẹn ni mo fi ń kí wọn láràárọ̀, Kifayah."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju pàṣán lọ. Ọjọ́ náà ló yé e pé aago èéfín tí a gbé kọ́ àjà, tí a ò dán wò, tí a ò pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, bí ajá tí a so mẹ́nu ọ̀nà tí a ò fún lóúnjẹ ni. Bí olè bá dé, kò ní lókun àtigbó.