Ìyẹ́ Adìẹ Lójú Ọ̀nà Bessé

Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àròsọ ni, kó wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣábẹ ní orílẹ̀-èdè Benin, kó dé àdúgbò ibùdó ọkọ̀ ojúirin, kó béèrè nípa kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntìgùn lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n á máa wo ilẹ̀.

Ajíbádé ló ni kẹ̀kẹ́ ọ̀hún. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, lápá Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Ṣábẹ débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé pé àlejò ni. Òun nìkan ni kò gbàgbé. Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe ló ń ṣe. Fẹ̀yìntọlá, ìyàwó rẹ̀, ti kú láìbímọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Ajíbádé já bọ́ látorí ọkọ̀ akẹ́rù, ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, kò sì lè jókòó lórí kẹ̀kẹ́ mọ́. Ẹ wo ọ̀ràn: ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ gbogbo ìlú ṣe, òun ló wá ń wọ́ ẹsẹ̀ kiri bí ìgbín.

Àsìkò ìjọba ológun ni, nígbà tí onílé àti àlejò ń pe ara wọn ní kámáráàdì. Nàìjíríà sì ti ti ẹnubodè pa lọ́dún náà. Kò sí ẹni tó ń ti Ìsẹ́yìn bọ̀, kò sí ẹni tó ń lọ, kò sì sí ìròyìn. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, Ajíbádé a jókòó síwájú ibi iṣẹ́ rẹ̀, a máa bá Zénabou sọ̀rọ̀, opó tó ń ta ẹ̀kọ ní òdìkejì ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ. Bí òun bá kú sí Ṣábẹ, ta ni yóò gbé òun lọ sílé? Ta ni yóò tu adìẹ ìrànà fún òun?

Àṣà ilé rẹ̀ ló ń sọ. Bí ẹnì kan bá kú sí ìdálẹ̀, tí àwọn èèyàn rẹ̀ bá ń gbé e bọ̀, ẹnì kan nínú wọn á di adìẹ kan mú, á máa tu ìyẹ́ rẹ̀ sójú ọ̀nà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi délé. Wọ́n ń ra ọ̀nà fún òkú náà ni. Ẹni tí kò bá ní èèyàn, ta ni yóò di adìẹ mú fún un?

Bó bá ti sọ ọ́ tán, á rẹ́rìn-ín, kí Zénabou lè rò pé àwàdà ni. Zénabou kì í rẹ́rìn-ín. Á ní kó jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ kó tó tutù.

Òyìnbó kan ló fún un ní kẹ̀kẹ́ náà. Ilé iṣẹ́ ṣúgà ló gbé òyìnbó ọ̀hún wá. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí, ó fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ fún Ajíbádé, torí pé òun nìkan ló máa ń bá a lẹ táyà rẹ̀ láìfi í ṣẹ̀sín. Irú rẹ̀ ò sí ní Ṣábẹ. Kò ní gàárì. Àga ló ní, àga tó fẹ̀yìn tì, tó sún mọ́lẹ̀. Èèyàn á fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí rẹ̀, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, torí iwájú pátápátá ni pẹ́dàlì wà. Ọwọ́ á wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ibẹ̀ ló ti ń darí kẹ̀kẹ́ sí ibi tó bá fẹ́. Ajíbádé gbìyànjú rẹ̀ nínú àgbàlá. Ìbàdí kò dùn ún. Ó yí àgbàlá ká, ó tún yí i ká, ó sì bú sẹ́kún.

Àmọ́ ìhòòhò ni kẹ̀kẹ́ náà wà. Kò ní iná, kò ní aago, kò ní ibi tí èèyàn lè dẹrù sí. Ajíbádé bẹ̀rẹ̀ sí í wọṣọ fún un. Ibi tí iná iwájú máa ń wà lára kẹ̀kẹ́ gbogbo ayé, ẹsẹ̀ ẹni tó ń gun èyí ló wà níbẹ̀, yóò sì dí ìmọ́lẹ̀. Ó jó irin kúkúrú kan mọ́ iwájú pẹ́dàlì, ó de iná mọ́ ọn. Ó fi dínámò, tí yóò máa fún iná lágbára, ti táyà ẹ̀yìn, ó fi wáyà gba abẹ́ irin kọjá. Iná pupa wà lẹ́yìn àga. Aago wà níbi ọwọ́ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. Ó fi irin ìdẹrù sẹ́yìn fún àpótí irinṣẹ́, ó gé páànù, ó tẹ̀ ẹ́ bo táyà méjèèjì kí ẹrẹ̀ má baà ta sí i lára. Nígbà tó rí i pé kẹ̀kẹ́ náà rẹlẹ̀ jù, pé awakọ̀ akẹ́rù lè má rí òun, ó ri ọ̀pá gígùn kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó so aṣọ pupa mọ́ ọn. Pupa ló yàn, torí àwọ̀ ìjọba kámáráàdì ìgbà náà ni, wọn kò lè bínú sí àsíá pupa.

Ìrọ̀lẹ́ ló gbé e jáde. Inú rẹ̀ dùn bíi tọmọdé. Ó tẹ aago, ó ń kí tọ̀tún tòsì. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà yà sínú koríko, wọ́n sì dúró jẹ́ẹ́ títí ó fi kọjá. Ọkùnrin kan ṣí fìlà. Zénabou gbé ìgbakọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bojú wo ibòmíràn.

Salifou ló là á yé e. Àgbẹ̀ ni Salifou, ó máa ń ti Bessé, abúlé kan lẹ́yìn ìlú, gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá fún títúnṣe.

"Ẹ̀yin ò rí ara yín ni?" ni Salifou wí. "Ẹ sùn gbalaja, ẹsẹ̀ yín ló ń ṣíwájú. Ta lẹ ti rí tó ń jáde nílùú báyẹn, tí kì í ṣe pé wọ́n ń gbé e?"

Ajíbádé rẹ́rìn-ín. Salifou kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ, kò sì padà wá mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oníbàárà mìíràn ṣe. Zénabou ṣì ń fún un ní ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n á wá gbé e sórí àga gbọọrọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Ajíbádé bá wà ní ẹ̀yìnkùlé, á sì yára sọdá padà. Kẹ̀kẹ́ tó yẹ kó gbé e lọ bá èèyàn ló wá lé èèyàn sá fún un. Ó dùn ún wọnú egungun.

Síbẹ̀, kò lè fi í sílẹ̀. Níbo ni ìbá jókòó sí, kó máa wo ta ni? Lójoojúmọ́ bí oòrùn bá ti ń wọ̀, á gba ọ̀nà Bessé lọ, láàárín oko kajú, á rìn jìnnà, á sì padà.

Ọjọ́ kan tó ń nu kẹ̀kẹ́ náà, ó rí ìyẹ́ adìẹ lábẹ́ páànù táyà ẹ̀yìn. Ìyẹ́ kéékèèké ni, funfun tó ní àmì tóótòòtó. Ó rò pé àṣá ló gbé adìẹ ẹni kan lọ. Ó jù wọ́n nù. Lọ́jọ́ kejì, òmíràn tún wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó dúró lójú ọ̀nà, ó dìde lórí àga, ó wẹ̀yìn.

Ilẹ̀ pupa nà lọ títí dé ìlú. Ìyẹ́ wà lórí rẹ̀, ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ títí dé ẹ̀yìn táyà rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Kò sí adìẹ. Kò sí èèyàn.

Ó jókòó sílé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, àti ọjọ́ kejì rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó mọ ẹni tí wọ́n ń tu ìyẹ́ fún. Ó ń retí pé kí ẹnì kan wọlé wá, kó lè sọ ọ́ fún un. Ilé dá páropáro. Ó gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lọ́dọ̀ Zénabou, wọ́n ń dúnàá-dúrà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbé kẹ̀kẹ́ jáde. Ẹ̀rù sàn fún un ju àdáwà lọ.

Ó wá ṣàkíyèsí ohun kan. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń lọ, dínámò á máa han, iná á máa tàn, kò sì ní gbọ́ nǹkan mìíràn. Bó bá dúró, iná á kú, òkùnkùn á dé, nígbà náà ni etí rẹ̀ á là. Á wá gbọ́ ọ lẹ́yìn. Fà. Lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Fà. Bí ìgbà tí èèyàn ń fa ìyẹ́ tu lára ẹran tútù, láìkánjú. Adìẹ náà kò ké rárá.

Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bà á lẹ́rù jù, pé adìẹ kò ké. Ṣùgbọ́n ara máa ń mọ́ nǹkan. Nígbà tó yá, bó bá dé ibi tí ọ̀nà ti gun òkè, á dẹ ẹsẹ̀, kó má baà sú ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ń sọ̀rọ̀ sí i lóhùn jẹ́jẹ́. Á ní, "Ẹ rọra o, kòtò wà níbẹ̀ yẹn." Ó pẹ́ tó ti bá ẹnikẹ́ni rìn pọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi gbogbo ọ̀sán retí ìrọ̀lẹ́.

Ohun tó kù tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni ẹni tó jẹ́. Ta ló lè ṣe wàhálà tó báyìí nítorí òun? Fẹ̀yìntọlá nìkan ló wá sí i lọ́kàn. Ó wá dígí kan tó jẹ́ ti alùpùpù. Bó bá dè é mọ́ ibi ọwọ́, èjìká ara rẹ̀ ni yóò máa rí nínú rẹ̀. Ó tẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó gbé e ga dé ẹ̀gbẹ́ ojú, ó fi dígí sórí rẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún un dè, títí ojú ọ̀nà fi hàn nínú rẹ̀ dáadáa.

Ọyẹ́ ti dé nígbà náà. Eruku bo òkè Ṣábẹ, ọ̀run dà bí eérú. Ajíbádé jáde bí iná ṣe ń tàn nílé àwọn ẹlòmíràn. Títí ó fi kọjá ilé tó kẹ́yìn, kò wo dígí. Nígbà tó wọ àárín kajú, ó wò ó.

Ó rí ọ̀nà. Ó rí ìmọ́lẹ̀ iná pupa lórí eruku. Nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, ìyẹ́ kan ń bọ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe láti ọ̀run. Ibi tí ọwọ́ èèyàn tó dúró máa ń wà ló ti ń bọ̀, ó rọra ń yí, ó kanlẹ̀. Kò sí ọwọ́ níbẹ̀. Òmíràn tún já. Ibi tí èyí ti já sún mọ́ ọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀kẹta ò kanlẹ̀, èjìká rẹ̀ ló bà lé. Ó gbóná díẹ̀.

Ó dúró. Iná kú.

"Fẹ̀yìntọlá," ni ó wí. "Ṣé ìwọ ni?"

Kò gbọ́ fífà ìyẹ́ mọ́. Kòkòrò inú koríko pàápàá ti dákẹ́. Ó dúró títí ọrùn fi ń ro ó. Lẹ́yìn náà ni kẹ̀kẹ́ mì díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá rọra gbé ẹrù tí kò wúwo sórí irin ẹ̀yìn. Ajíbádé yí dígí sísàlẹ̀. Ó wa kẹ̀kẹ́ padà sílé, kò wẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni tàbí nǹkan mìíràn.

Ní iwájú ilé ó tan àtùpà. Adìẹ kan ló jókòó lórí àpótí irinṣẹ́. Wọ́n ti tu gbogbo ara rẹ̀. Ìyẹ́ kan ṣoṣo kò kù lára rẹ̀. Ó lajú, ó ń wo Ajíbádé, ó sì ń gbọ̀n nínú ọyẹ́.

Bí ìyẹ́ bá tán, wọ́n ti délé nìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní Ìsẹ́yìn nìyẹn. Ajíbádé wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó wo àga gbọọrọ, ó wo ìsọ̀ Zénabou tí wọ́n ti bò. Ta ló délé, Fẹ̀yìntọlá ni àbí òun fúnra rẹ̀? Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi bo adìẹ náà, ó gbé e wọlé. Ó fi í sẹ́bàá iná. Kò jẹun, kò mu omi, kò sì di ojú rẹ̀.

Kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ níta. Ó ṣílẹ̀kùn. Zénabou ló sọdá. Kò gbé ẹ̀kọ lọ́wọ́. Ó ti wé gèlè dúdú, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ajíbádé.

"Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù o, Bàbá," ni ó wí. "Ẹ mọ́kàn le."

Ajíbádé jókòó sórí àga gbọọrọ. Salifou dé lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ọ̀nà láti Bessé, eruku dé orúnkún rẹ̀. Ó di ọwọ́ Ajíbádé mú fún ìgbà pípẹ́, ó sọ ohun kan náà. Àwọn ará ibùdó ọkọ̀ ojúirin dé. Àwọn oníbàárà tó ti sá lọ dé pẹ̀lú ìyàwó wọn. Ẹnì kan tẹ́ ẹní. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ iwájú ilé, ẹlòmíràn lọ pọn omi sínú ìkòkò Ajíbádé bíi pé ti ilé ara rẹ̀ ni. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ńlá ni, pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹni tí wọ́n ń sọ.

Ajíbádé la ẹnu. Ó fẹ́ béèrè ẹni tó kú, àti ẹni tó sọ fún wọn. Ó wojú Salifou. Ó wojú Zénabou, tó fara ti òpó ẹnu ọ̀nà, tó ń fi etí ìró nu ojú. Bó bá béèrè, wọ́n lè wo ara wọn. Wọ́n lè dìde, kí oníkálùkù gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

"Ẹ ṣeun," ni ó wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá."

Àwọn mìíràn tún ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n gba ojú ọ̀nà Bessé, wọ́n pọ̀, kò sì dá ojú ẹnì kan mọ̀ nínú wọn. Ajíbádé sún díẹ̀ lórí àga gbọọrọ, kí wọ́n lè ráyè jókòó.