Iṣu Abẹ́rẹ́

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Àríyìkẹ́ ti ṣa iṣu tó máa gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Iṣu náà tóbi, kò sì ní ọgbẹ́ lára. Ó gbé e sínú abọ́, ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Houlératou, pọn ọmọ ká máa lọ."

Láti àná ni Rachidi, ọmọ Houlératou, ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ojú rẹ̀ ti jìn, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Àríyìkẹ́ ti sin ọmọ kan rí nítorí irú àìsàn yìí. Kò fẹ́ sin ọmọ ọmọ.

Àṣà iṣu yìí kò tíì pẹ́ ní abúlé wọn, lọ́nà ìlú Koko. Tí ìjọba bá rán dókítà wá, kì í pẹ́ tó fi ń wá bó ṣe máa padà sí Kútọnu. Nígbà tí Dókítà Lambert dé, àwọn àgbà pe ìpàdé. Ògúndèjì, ọkọ Àríyìkẹ́, ló mú ìmọ̀ràn wá pé ẹnikẹ́ni tí dókítà bá gún ní abẹ́rẹ́, kó gbé iṣu kan fún un. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ohun tó dára lójú àgbẹ̀ ni iṣu. Ohun tó ń woni sàn lójú wọn ni abẹ́rẹ́.

Dókítà kò lọ lóòótọ́. Iṣu sì kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé Rachidi dé, Lambert kò jókòó.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ìgbẹ́ gbuuru ni, láti..."

Abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fọwọ́ kan ikùn ọmọ, kò bèèrè ohun tó mu. Rachidi ké díẹ̀. Àríyìkẹ́ gbé iṣu kalẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Nígbà tí oòrùn mú, Rachidi ń sunkún, omijé kò jáde. Àríyìkẹ́ pe Imorou, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ní alùpùpù.

"Abẹ́rẹ́ náà kò tíì ṣiṣẹ́ ni, ìyàwó wa," ni Imorou wí. "Ẹ padà lọ gba òmíràn. Ṣé iṣu ló wọ́n yín ni?"

"Imorou, ṣé o máa gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn Savalou, àbí kí n fẹsẹ̀ rìn?"

Imorou gbé wọn.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Jacqueline ni dókítà tó gbà wọ́n ní Savalou. Ọmọ ẹ̀yà Mahi ni, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn oníṣòwò. Ó jókòó. Ó rọra fi ìka méjì fa awọ ikùn ọmọ náà, awọ náà kò tètè padà. Ó ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi tí wọ́n ti sè tó sì ti tutù, ó sì fún Houlératou ní ṣíbí.

"Díẹ̀díẹ̀ ni o. Tó bá bì í, dúró díẹ̀, kí o tún fún un. Ọmú ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n má fún un, kí ìgbẹ́ má bàa pọ̀ sí i."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Houlératou wo ìyá rẹ̀. Àríyìkẹ́ wo ilẹ̀.

"Fún un lọ́mú. Omi ara rẹ̀ ló ń tán."

Nígbà tó yá, Àríyìkẹ́ bèèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Dókítà, ìgbà wo lẹ máa gún un? A lè gbé iṣu wá."

"Iṣu ti kí ni?"

Àríyìkẹ́ ṣàlàyé. Jacqueline kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ ò fi iṣu yín ra ìwòsàn, ìyá. Abẹ́rẹ́ lẹ rà. Abẹ́rẹ́ náà ni wọ́n sì fún yín."

Kí oòrùn tó wọ̀, Rachidi tọ̀ sí ìyá ìyá rẹ̀ láṣọ. Kò sẹ́ni tó bínú, torí omi ti ń padà sí ara ọmọ náà.

Lẹ́yìn tí ara ọmọ náà yá, Jacqueline wá sí ìpàdé abúlé wọn fúnra rẹ̀, láti bá wọn sọ ọ̀rọ̀ iṣu abẹ́rẹ́ yìí.

"Ṣé ká má fún dókítà ní nǹkan mọ́ ni?" Ògúndèjì bi í. "Ó máa sá lọ."

"N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yẹ kó rí jẹ. Ohun tí ẹ ń wò kẹ́ ẹ tó fún un ni kò dára."

Lambert dìde. "Mo mọ̀ pé omi ni ọmọ yẹn nílò. Mo gún un torí ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn, ẹ̀bi mi sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi Imorou. Ẹ̀yìn ń dùn ún, mo ní kó sinmi, n kò gún un. Ó gbé iṣu rẹ̀ padà sílé."

"Ọ̀rọ̀ lásán lẹ sọ fún mi," ni Imorou dáhùn. "Bí mo bá sinmi, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi kọ ebè?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àríyìkẹ́ kò dúró kí ẹ̀rín tán.

"Ebè náà ni ká fi ṣe é. Kí ẹ̀yin ọkùnrin jọ kọ ebè fún ilé ìwòsàn, kí àwa obìnrin gbé oúnjẹ wá. Kí dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń bá a ṣiṣẹ́ pín iṣu ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwa tó ń gbé ọmọ lọ kọ́kọ́ sọ ní ìpàdé bí dókítà ṣe tọ́jú wa. Ṣé ó jókòó? Ṣé ó yẹ ọmọ wò? Ṣé ó ṣàlàyé? Bí kò bá ṣe é, kí ebè dín."

"Èmi náà á máa wá wo iṣẹ́ rẹ̀," ni Jacqueline wí. "Ẹ lè fẹ́ràn ẹ̀rín ènìyàn kí iṣẹ́ rẹ̀ má dára. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé nǹkan dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́, kí ẹni tí kò ní iṣu má bàa fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sílé."

Lambert gbà. Ó ní ìyẹn á jẹ́ kí òun lè ṣe ohun tí òun kọ́.

Nígbà tí àkókò ebè dé, ikọ́ mú Rachidi. Lambert jókòó. Ó wo bí àyà ọmọ náà ṣe ń mí, ó fetí sí i, ó sọ ohun tí Houlératou máa ṣe, àti àmì tó bá rí, kó sáré gbé e padà wá. Kò gún un.

Imorou pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò gún un? Kí ló wá ṣe?"

"Ó jókòó," ni Àríyìkẹ́ wí. "Lọ mú ọkọ́ rẹ. Oko dókítà là ń lọ."

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ dídùn kì í wo ìgbẹ́ gbuuru sàn, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tí kò yẹ kì í wò ó sàn. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́, ẹ fún un lómi àti ọmú, ẹ tètè gbé e lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ yín bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà, torí iyọ̀ àpọ̀jù léwu. Ẹ má fi dandan gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ẹ yìn ín, ẹ sì fún un ní ẹ̀bùn, kí ó jẹ́ lójú gbogbo ìlú, nítorí ìtọ́jú tó dára. Ohun tí ẹ bá ń san ẹ̀san fún ni wọn yóò máa ṣe fún yín.