Ohùn Tó Ń Dáhùn ní Yàrá Màmá

Màmá kí ọmọ rẹ̀ káàbọ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún omi tó bù fún òun mu. Ọmọ náà kò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni, àpò rẹ̀ ṣì wà ní èjìká.

"Omi wo, Màmá?"

"Èyí tó o gbé wá lẹ́ẹ̀kan. Ó tutù dáadáa. Ọlọ́run á tu ìwọ náà lára."

Lóòótọ́, ife kan wà lórí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí omi nínú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ara ife náà ṣì ń làágùn. Ọkùnrin náà rò pé ìyàwó òun ló bù ú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti bèèrè. Ó kọjá lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà.

Àjíǹde ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Akọ̀wé ni ní iléeṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi iṣẹ́ yẹn mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà tí àwọn olówó rẹ̀ ti kọ̀, tí wọ́n ti jù sẹ́yìn ilé kí òjò máa pa, òun ló máa ń gbé e wálé. Á tú u palẹ̀, á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú rẹ̀, á yọ ẹ̀yà ara èyí tó ti kú pátápátá, á fi tún èyí tó ṣì ń mí díẹ̀ ṣe. Kì í tà wọ́n. Kí síkírínì tó ti ṣú látọjọ́ pípẹ́ ṣàdédé tàn ni ìdùnnú rẹ̀. Mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì ọ̀nà kì í sì í jẹ́ kó kọjá láìfi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àjíǹde, òkú mélòó lo jí lánàá?"

"Ọ̀kan ti lajú."

"Sọ fún un kó wá bá mi gbé ẹ́ńjìnnì. Irú òṣìṣẹ́ tí kì í jẹun yẹn gan-an ni mò ń wá."

Láti ìgbà tí ojú Màmá ti fọ́ ló ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ara rẹ̀ kò le mọ́, gbogbo oríkèé ń ro ó, síbẹ̀ kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni kí ọmọ rẹ̀ jókòó ti òun nírọ̀lẹ́, kó di òun lọ́wọ́ mú, kí àwọn jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí oorun tó gbé òun lọ. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tó kù fún òun kò pọ̀ mọ́, kì í sì í fi bò. Ṣùgbọ́n bí Àjíǹde bá ti lè jẹun tán báyìí, yàrá ẹ̀yìn ló kàn. Ohùn Màmá á wá máa gba inú ògiri wọlé tọ̀ ọ́.

"Ọkọ mi. Ṣé o ti dé?"

Á dáhùn pé òun ń bọ̀. Màmá á tún pè, òun náà á tún dáhùn. Ẹ̀rọ á wà ní títú níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ á ti pọ́n, orí á máa fọ́ ọ.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti sọ sí i. Ó mú kọ̀ǹpútà kékeré kan nínú àwọn tó ti jí, ó so maikirofóònù àti sipíkà mọ́ ọn, ó gbé e sórí tábìlì Màmá. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀: "Mò ń gbọ́ yín, Màmá." "Ẹ kú ìsinmi." "Mò ń bọ̀, ẹ ní sùúrù díẹ̀." Ó rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó gba ohùn náà sílẹ̀. Ó mí kanlẹ̀ kó tó sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn, kò sì ráyè gé èémí yẹn kúrò. Lẹ́yìn náà ó fi ètò kan sí i, irú èyí tó máa ń fetí sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tó sì máa ń kọ́ bí yóò ṣe dá onítọ̀hún lóhùn dáadáa sí i. Bí Màmá bá ti pè, ẹ̀rọ á dáhùn.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Aṣọ ló ń gé lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́, kò sì gbójú sókè.

"Bàbá wọn, ṣé kì í ṣe ẹ̀tàn lèyí?"

"Ẹ̀tàn kẹ̀? Ohùn mi ni."

"Ohùn yín ni. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

"Ó rẹ̀ mí, ìyá wọn."

"Kì í rẹ̀ yín láti tọ́jú irin. Ti Màmá nìkan ló máa ń rẹ̀ yín."

Ó gba yàrá ẹ̀yìn lọ. Ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, kò sì yẹ kí á bú ẹni tó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó rẹ̀ náà ṣì ń yan ohun tí yóò fi ìwọ̀nba agbára tó kù ṣe, ohun tí Àjíǹde sì yàn kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Ó rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ń wá. Ògiri kò pè é mọ́. Lójoojúmọ́ ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá ti tún èyí tó wà nílẹ̀ yìí ṣe tán, òun á lọ jókòó ti Màmá.

Ìgbà tó yá ni ọ̀rọ̀ omi yẹn ṣẹlẹ̀. Bó ṣe ń jẹun, ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè.

"Èmi kọ́," ni obìnrin náà wí. "Òwú ni mo lọ rà, ẹ̀yìn yín ni mo wọlé. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bù ú ni?"

Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà Àjíǹde ní kó bá òun gbé iyọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn, ó bá Màmá tó ń fi àtàǹpàkò ra àwọn ìka rẹ̀ yòókù, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnì kan ti gé èékánná rẹ̀ fún un. Wọ́n gé e rèǹtèrente, wọ́n sì kó èyí tí wọ́n gé jọ sínú ìdérí agolo.

"Ọwọ́ rẹ rọ̀," ni Màmá wí. "Bàbá rẹ kò lè gé e báyẹn. Ó máa ń gé mi lẹ́ran ni."

"Màmá, kì í ṣe èmi."

"Má fi mí ṣeré, jàre."

Àjíǹde wo bẹ́ẹ̀dì. Etí rẹ̀ kan ti tẹ̀ wọnú, bí ibi tí àgbàlagbà kan ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lórí tábìlì, iná kékeré tó wà lára ẹ̀rọ náà ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń dúró kí àlejò lọ.

Ó fa waya rẹ̀ yọ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó tú gbogbo ìdè ara rẹ̀, ó yọ bátìrì, ó fi ẹ̀mú gé waya sipíkà, ó tò wọ́n sórí tábìlì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò jí òkú kankan lọ́jọ́ yẹn. Ó pinnu pé bí òun bá dé lọ́la, ọ̀dọ̀ Màmá ni òun máa kọ́kọ́ lọ, òun kò ní bọ́ bàtà pàápàá.

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà. Mẹkáníìkì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Àjíǹde juwọ́ sí i. Ọkùnrin náà wo apá ibẹ̀ díẹ̀, ó sì padà sídìí ọkọ̀ tó ń tún ṣe. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan.

Nínú ilé, Màmá ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Àjíǹde ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ló gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó rọra ń sọ̀rọ̀, ohùn tirẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò sí àárẹ̀ nínú rẹ̀. Ó sáré lọ wo yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ náà wà ní títú bó ṣe fi í sílẹ̀.

Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá. Wọ́n ti ta aṣọ fèrèsé, inú yàrá ṣú díẹ̀. Ó rí ọwọ́ Màmá lórí aṣọ ìbora, ọwọ́ mìíràn sì dì í mú. Kò rí ojú ẹni tó ni ọwọ́ náà.

Ìyàwó rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Aṣọ rẹ̀ ra apá Àjíǹde. Kò wò ó. Inú yàrá ló kọjú sí.

"Bàbá wọn, oúnjẹ yín ti délẹ̀ o."

"O ṣé, ìyá wọn," ni ohùn inú yàrá dáhùn. "Jẹ́ kí Màmá sùn ná."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Màmá gbé orí sókè díẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ó kọ ojú rẹ̀ tó fọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló dúró síbẹ̀ yẹn?"

"Kò sí ẹnì kankan, Màmá. Ẹ̀rọ yẹn ni," ni ohùn ọkùnrin náà dáhùn.

Àjíǹde ya ẹnu. Èmi ni, èmi ọmọ yín nìyí, ni ohun tó fẹ́ sọ. Ó ti kó ọ̀rọ̀ náà jọ sí ọ̀fun rẹ̀ pátá. Èémí ló kọ́kọ́ jáde, ó gùn, ó wúwo, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí ẹnu rẹ̀ ń wí pé:

"Mò ń bọ̀, ẹ ní sùúrù díẹ̀."

Ó tún gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ kan náà ló tún jáde.

Màmá dá orí rẹ̀ padà sórí ìrọ̀rí.

"Pa á, ọkọ mi," ló wí jẹ́jẹ́. "Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀."

Àjíǹde gbọ́ bí bẹ́ẹ̀dì ṣe dún, bí ẹnì kan ṣe dìde níbẹ̀, tó sì ń bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà.