Ẹni Tí Mary Rí Nínú Ilé Wa

Ọkọ mi kì í ya fọ́tò. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Emùré, nígbà tí wọ́n ní kí a wá tò fún fọ́tò, ó gbé Ìrètí ọmọ rẹ̀ dání, ó ní òun ń bọ̀. A kò rí wọn mọ́ títí ayàfọ́tò fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Èmi nìkan ni mo dúró nínú fọ́tò ìgbéyàwó mi, tí mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Òótọ́ sì ni, n kò mọ nǹkan kan.

Tíṣà ni mí, ọmọ Ìkéré, Ọmọlará lorúkọ mi. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé oko lẹ́yìn Emùré, níbi tí igi kòkó ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ibẹ̀ ni mo ti bá Sunday. Òun náà kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Wọ́n ní ṣe ló kàn fẹsẹ̀ rìn dé lọ́jọ́ kan, ó pọn ọmọbìnrin kékeré kan sẹ́yìn, ó ní òun àti ìyá ọmọ náà kò sí pọ̀ mọ́, wọ́n sì fún un nílẹ̀ tí yóò máa ro. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń tutù, àní lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀, aṣọ rẹ̀ sì máa ń rùn káńfọ̀ díẹ̀, bó ti wù kí n fọ̀ ọ́ tó. Kì í wọ ọkọ̀. Bí a bá ń lọ sọ́jà, èmi á gun ọ̀kadà, òun á fẹsẹ̀ rìn. N kò bi í léèrè. Obìnrin tó bá pẹ́ kó tó rí ọkọ, ìbéèrè rẹ̀ kì í pọ̀.

Èmi kò bímọ. Ìrètí ni mo ní. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti ń pè mí ní Mọ́mì, orí ẹsẹ̀ mi ló sì ti ń sùn. Bàtà tí mo rà fún un nígbà tó wọ jẹ́lé-ó-sinmi ṣì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu lọ́dún kẹta. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ń wò ó, mo ní ọmọ kúkúrú ni.

Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ojú ọ̀run wá sí àwọn abúlé oko. Àwo funfun pẹlẹbẹ kan ni. Wọ́n á gbé e sórí páànù, á máa gba ìsọfúnni lọ́dọ̀ sátẹ́láìtì, gbogbo ilé tó wà nítòsí á sì máa rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lò. Ṣáájú ìgbà náà, orí àpáta kan lẹ́yìn odò ni à ń gùn kí fóònù tó lè ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n sì ti ní kí gbogbo tíṣà máa ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù ní gbogbo Sátidé. Nítorí náà, nígbà tí Gbénga, ọkùnrin tó ń gbé àwo náà káàkiri, béèrè ilé tí igi kò ṣíji bò, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́.

Sunday bá mi lẹ́yìnkùlé níbi tí mo ti ń já ẹ̀fọ́.

"Tíṣà," ó ní, bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "jẹ́ kí wọ́n gbé e sí sùkúù. Má jẹ̀ẹ́ kó wọ ulé wa."

Mo bi í pé kí ló dé.

"Ibi tí ojú ò tó mi ni mo wá kalẹ̀ sí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá ó jalè níbì kan ni. Mo ní ayé ti là, òun sì fẹ́ wà nínú igbó bí ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ní òun kò jalè. Ó wo Ìrètí tó ń fọ abọ́, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó wá ní bí mo bá ti fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ó dáa, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ máa fojú hàn lórí fóònù, kí n sọ fún òun, kí òun àti ọmọ kúrò nítòsí. Mo gbà. Ìtìjú ni mo pè é. Bí mo bá rántí ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ yẹn, ara mi ń bù mí jẹ.

Àwo náà wúlò, n kò ní í purọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi rí òkun fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn àgbẹ̀ ń bá àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ lójúkojú, wọ́n á tún máa wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Orí mi wú.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, mo jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú fóònù mi, ojú àwọn tíṣà bí ọgbọ̀n wà lórí rẹ̀. Ìrètí ń sùn ní yàrá. Sunday ti lọ sóko. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary, tó ń ṣiṣẹ́ ní Òmùò, ń bi wá bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìsọdipúpọ̀. Òjò dé lójijì. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, mo sì gbọ́ òórùn káńfọ̀ náà.

Mary sún mọ́ fóònù rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kún ibẹ̀.

"Ládépọ̀," ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

N kò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn mi, ọkọ mi dáhùn.

"Mary."

Nígbà tí n óò fi yíjú padà, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, ó dúró ṣánṣán, kòkó kan kò yí jáde. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tutù wà lórí símẹ́ńtì láti ẹnu ọ̀nà. Mẹ́rin ni. Ó parí sí àárín pálọ̀, kò sì yà síbì kankan.

A wá a fún ọjọ́ méjì nínú oko àti létí odò. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Fáníyì, tó dàgbà jù lọ lábúlé, fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Má wá a mọ́, ọmọ mi," ó ní. "Àkúdàáyà ni. Ẹni tó mọ̀ nípa ukú ẹ̀ ti rí i. Kò lè dúró mọ́."

Ó ní òun ti fura tipẹ́. Ó ní ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tó kú lójijì lè lọ máa gbé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, á fẹ́yàwó, á dáko, títí ọjọ́ tí ojú àwọn ará ilé rẹ̀ yóò fi tó o. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, mo sì kàwé, ṣùgbọ́n mo ti ka ẹsẹ̀ mẹ́rin yẹn. Ọkọ mi bẹ̀ mí, etí mi ò gbọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ní ọjọ́ kẹta, kí Gbénga tó wá tú àwo náà bí mo ṣe ní kó ṣe, Mary pè mí. Ohùn nìkan ló fi pè. Ìrètí wà láàárín ẹsẹ̀ mi, mò ń dirun fún un.

Mary kò bá mi jà. Ó ní kí n má bínú pé òun dárúkọ Ládépọ̀ ọkọ òun, ẹnu òun ló ṣáájú òun. Ó ní ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ọkọ̀ agbépo kọ lù wọ́n lọ́nà Òmùò.

Wọ́n, ni mo gbọ́. Ọwọ́ mi dúró nínú irun ọmọ náà.

"Ọmọ wa wà pẹ̀lú ẹ̀," ni Mary wí. "Ọmọ ọdún mẹ́ta. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e lé bàbá ẹ̀ láyà nínú pósí, kó má bàa dá wà. Ìrètí lorúkọ ẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ má fi hàn mí, mà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ̀. Mo ti rí ohun tí ojú mi ṣe. Ẹ kàn sọ fún mi bóyá ó wà lọ́dọ̀ yín."

Kí ni obìnrin náà béèrè? Ọ̀rọ̀ kan péré. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé bó bá mọ̀, yóò gun ọkọ̀ wá lọ́jọ́ kan, ọkàn ìyá kò ní í jẹ́ kó lè mú un mọ́ra, ipa ẹsẹ̀ kékeré yóò sì parí sí àárín pálọ̀ mi.

"Kò sọ́mọ kankan nílé yìí, mà," ni mo wí.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

"Á jẹ́ pé ọmọ mi nìkan ló kù sínú ilẹ̀ yẹn," ó ní, ó sì pa fóònù.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo tún mú òòyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun rẹ̀. Ìrètí kò yíjú padà. Ó gbọ́wọ́ rẹ̀ lé orúnkún mi, ó tutù.

"Mọ́mì," ó ní, jẹ́jẹ́, kò bínú, "kí ló dé tẹ́ ẹ parọ́ fún màmá mi?"

Oṣù méjì rèé. N kò tíì dá a lóhùn, n kò sì tíì pe Mary.